Ibi Tí Orin Ti Gòkè

Èmi ni mo sọ fún Bàbá pé ìka wọn ti gbó jù. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí mo bá ti sọ gbogbo dáadáa wọn tán, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Tí mo bá fi í sílẹ̀ di ìsàlẹ̀, ìwé á tán lọ́wọ́ mi kí n tó débẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ìka wọn kò gbó jù. Èmi ni n kò mọ ohun tí wọ́n bi mí, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá tí mò ń wí ni bàbá tó bí ìyá mi. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, àmọ́ Benin ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé wọn, ní Uwasota, àwọn àti Màmá, ìyàwó wọn. Kékeré ni mo wà nígbà tí ìyá mi fi mí sọ́dọ̀ wọn, tó bá tirẹ̀ lọ sí Èkó. Àbúrò ìyá mi kan ló yẹ kó kọ ìtàn Bàbá yìí, òun ló mọ ìwé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní ìwọ lo gbé ọ̀dọ̀ wọn, àwa kàn ń wá kí wọn ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa máa rí ni dùùrù, píánò àtijọ́ kan tó ga dé àyà àgbàlagbà. Bàbá ń wọn pákó ní ilé ìlagi kan nígbà náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn fẹ́ ti ìlẹ̀kùn pa, wọ́n ní kí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ mú nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú ilé àlejò. Bàbá ló kọ́kọ́ máa mú. Gbogbo wọn rò pé fíríìjì ni wọ́n máa gbé. Bàbá na ọwọ́ sí dùùrù. Inú ẹni tó máa mú tẹ̀ lé wọn dùn débi pé òun gan-an ló lọ bá wọn wá ọkọ̀.

Inú Màmá kò dùn. Mínírà ni Màmá ń tà ní ọjà Santana. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ra yìnyín lọ́wọ́ ẹlòmíì tí wọ́n ń kó o sínú garawa, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àdúrà bèèrè fíríìjì. Wọ́n ti gbá igun pálọ̀ tí wọ́n máa gbé e sí. Igun yẹn náà ni àwọn tó gbé dùùrù wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí bí ilé ṣe rí lẹ́yìn náà. Màmá á gbé oúnjẹ Bàbá kalẹ̀, wọ́n á yíjú padà láìsọ pé ẹ wá jẹun. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀sán ọjọ́ tí dùùrù dé: "Bàbá Fọlá, ṣé orin ni àwọn oníbàárà mi máa mu ni?"

Fọlá ni ìyá mi.

Ó ní orin kan tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, yàrá kan ni wọ́n háyà ní Ogbe, kò jìnnà sí ààfin. Onílé wọn ní giramafóònù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ni onílé yìí ń fi orin ìfẹ́ kan sí i, ọkùnrin kan ló ń kọ ọ́ lédè òyìnbó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, dùùrù ń bá a rìn lábẹ́. Bàbá àti Màmá á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n á máa gbọ́ ọ. Màmá kò gbọ́ òyìnbó. Ohun tó wù wọ́n kò sí nínú ọ̀rọ̀ orin náà rárá. Tó bá kù díẹ̀ kó parí, orin á dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí kan, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á gbéra nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn àti dùùrù, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ọmọ láti orí itan sí èjìká. Màmá ń pè é ní ibi tó ti gòkè. Onílé kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kó ẹrù, ẹnikẹ́ni kò sì mọ orúkọ ẹni tó kọ orin. Ó kù sí ẹnu àwọn méjèèjì.

Orin yẹn ni Bàbá fi bẹ Màmá. Wọ́n ní, "Fíríìjì, ọjọ́ kan ló máa bàjẹ́. Màá kọ́ orin wa fún ọ lórí nǹkan yìí, títí dé ibi tó ti gòkè." Ní ọjọ́ kejì, Màmá ní kí Bàbá wá jẹun.

Òjò Benin kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Tó bá rọ̀ lọ rọ̀ bọ̀, igi dùùrù á mu omi, àwọn eyín rẹ̀ á wú. Eyín ni Bàbá ń pe àwọn funfun àti dúdú tí à ń fi ìka tẹ̀. Èyí tí ìka bá tẹ̀ wọlẹ̀ nígbà òjò kò ní jáde mọ́. Bàbá wá so gílóòbù kékeré kan sínú àpótí rẹ̀, nísàlẹ̀, kí inú rẹ̀ lè máa móoru. Wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú agolo kẹrosíìnì nítorí ikán. Tí iná bá wà, ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan á máa yọ láàárín pákó rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń gbé inú ibẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, Bàbá á lọ ká aṣọ ìbora lórí ibùsùn, wọ́n á fi bo dùùrù. Màmá ní otútù ń mú àwọn náà o, bí àwọn kò tiẹ̀ jẹ́ igi. Bàbá ní, "Ìwọ lè sọ pé otútù ń mú ọ. Òun kò lè sọ ọ́."

Bàbá kì í dá ọmọ tí kò bá sọ Yorùbá lóhùn nínú ilé. Àwa ọmọ tó dàgbà sí Uwasota, Yorùbá wọ etí wa ṣùgbọ́n kì í bá ẹnu wa jáde. Tí mo bá dúró níwájú Bàbá tí mo ní, "Papa, food don ready," wọ́n á máa wo àjà bíi pé aláǹgbá ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ á tutù. Màmá á bínú sí wa méjèèjì. Nígbà tí mo bá tún un sọ dáadáa, wọ́n á dìde wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé, ṣebí wọ́n gbọ́ Pidgin, ṣebí wọ́n ń fi èdè Benin kí àwọn ará àdúgbò láràárọ̀. Wọ́n ní ní ìta nìyẹn. "Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé, kó wọlé wá. Ìlẹ̀kùn kò tì."

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wá láti Ìjẹ̀ṣà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan padà sílé, ọ̀kan kú, ọ̀kan kó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bàbá ṣì máa ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn, títí ó fi di pé àwọn tó kù kò tó ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ìpàdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tètè dé láti ibẹ̀, mo bi wọ́n bóyá ìpàdé ti parí. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n jókòó sí iwájú dùùrù láìṣí i. Wọ́n ní, "Èmi nìkan ni mo wá."

Màá kọ bí wọ́n ṣe kọ́ orin náà sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé dùùrù. Sòfá ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n fi kọ́ wọn lórin ní kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì nílé: dò, rè, mì, fà, sò, là, tì. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì búlúù, wọ́n kọ ọ́ sí àwọn eyín funfun. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu wá orin náà, dò-mì-sò, sò-là-sò, kí wọ́n tó fi ìka wá a. Àwọn eyín dúdú kò gba ṣọ́ọ̀kì. Mo bèèrè pé kí ni tiwọn. Bàbá ní àlejò ni wọ́n, wọn kò sí nínú orin wa.

Ìka kékeré ọwọ́ òsì wọn kò pé. Ayùn ilé ìlagi ti mú ìlàjì rẹ̀ lọ kí wọ́n tó bí mi. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ọdún ń lọ, orin ń gùn sí i. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn tí Màmá bá ti ọjà dé. Orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Tó bá wá kan ibi tó ti gòkè, wọ́n á dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí yẹn, ẹnu wọn á gòkè, ìka wọn á lọ síbi tí ṣọ́ọ̀kì ti kọ dò, ohun tó máa jáde kò sì ní í bá ẹnu wọn mu. Orin ti gbé dò rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sórí eyín mìíràn. Ṣọ́ọ̀kì kò lè bá a lọ. Wọ́n á wá a lọ wá a bọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ó ti kó kúrò nílé, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Efosa, ará Benin tí odi ilé rẹ̀ kan tiwa, ti mọ orin náà dé ibi tí ó ń já. Tí Bàbá bá ti dúró, a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn odi níbi tó ti ń fọ abọ́: "Papa, finish am now." Bàbá, tí kì í sọ Pidgin nínú ilé, á yọ orí lójú fèrèsé kó lè jẹ́ ìta ni wọ́n ti ń sọ ọ́. "E never ripe."

Nígbà yìí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Mò ń kun ilé, mo sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ọjọ́ Sunday. Bí a ṣe kọ́ kíbọ́ọ̀dù, àwa tí a kò rówó fún olùkọ́, ni pé a mọ ibi kan ṣoṣo. Gbogbo orin, ibi kan yẹn la ti ń tẹ̀ ẹ́. Tí ohùn pásítọ̀ bá ga tàbí tó bá wálẹ̀, bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí a máa tẹ̀, ẹ̀rọ á gbé orin lọ bá a. Ọwọ́ wa kì í kúrò níbi tó wà. A rò pé a mọ̀ ọ́n tẹ̀. Àwọn ìjọ náà rò bẹ́ẹ̀.

Mo gbé kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wálé lọ́jọ́ kan. Bàbá ní kí n tẹ orin àwọn. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, kò pẹ́ rárá tí mo fi rí i. Nígbà tó kan ibi tó ti gòkè, mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, orin sì gbéra. Màmá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó rí ará ilé tó ti pẹ́ lọ.

Bàbá kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

"Àkànní, ọwọ́ rẹ kò kúrò níbi tó wà. Báwo ló ṣe gòkè?"

Mo ní ọwọ́ mi yá ni, wọn kò kàn rí i.

Wọ́n ní kí n wá sídìí dùùrù, kí n rọra ṣe é. Mo jókòó sórí àpótí wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ débẹ̀, mo dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí yẹn, ìka mi sì ń wá bọ́tìnnì. Kò sí bọ́tìnnì lára igi. N kò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ sí. Mo ní dùùrù náà ti bàjẹ́. Bàbá ní kò bàjẹ́. Màmá ṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo wo ọwọ́ òsì Bàbá, mo rí ìka kúkúrú yẹn, mo rí ibi tí mo lè gbà jáde.

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe nǹkan tí ìka yín lè ṣe ni. Wọ́n ti gbó jù, ọ̀kan kò sì pé. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀."

Bàbá na ìka wọn síwájú, wọ́n wò wọ́n lójú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi etí bùbá wọn nu ṣọ́ọ̀kì ara eyín kúrò, láti dò dé tì. Wọ́n ní, "O ṣeun tí o sọ òtítọ́ fún mi."

Láti ọjọ́ náà wọn kò wá a mọ́. Wọ́n á tẹ orin dé ibẹ̀, wọ́n á pa ìdérí dé. Nígbà tí Ìyá Efosa sọ ti ẹnu rẹ̀ láti ẹ̀yìn odi, Bàbá yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ní, "E don finish."

Ohun kan wà tí gbogbo ẹbí ń sọ nípa wọn, àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí a ṣe ìdúpẹ́ ọdún ìgbéyàwó wọn ni. Àwọn ọmọ wá láti Èkó, àna wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún pálọ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá sọ̀rọ̀. Bàbá lọ jókòó sídìí dùùrù, wọ́n tẹ orin náà. N kò gbọ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dé ibi tó ti gòkè, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Bàbá dìde, wọ́n kọjú sí Màmá, wọ́n sì bọ́ fìlà. Àgbà Ìjẹ̀ṣà, níwájú àna rẹ̀, bọ́ fìlà fún ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Fọlá, ibi tí ìka mi mọ nìyí. Ìyókù ṣì wà lọ́rùn mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n ní, "Mò ń dúró dè yín, Bàbá Fọlá. N kò yára."

Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni mo dúró sí, tí a gbé wá fún orin ìyìn. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo lè sọ pé Bàbá, mo purọ́ fún yín. Mo tẹ orin ìyìn.

Àìsàn Bàbá kò pẹ́. N kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, iṣẹ́ ilé kíkùn gbé mi lọ sí Auchi, Ìyá Efosa ló pè mí. A gbé wọn lọ sílé, a sin wọ́n, gbogbo ènìyàn padà síbi tí wọ́n ti wá. Èmi àti Màmá padà sí Uwasota. Èmi kò mọ̀ pé ilé lè dákẹ́ báyẹn. Àwọn ọmọ ní kí a ta dùùrù, kí Màmá ra fíríìjì. Màmá ní fíríìjì kẹ̀? Kí àwọn fi ṣe kí ni, nígbà tí àwọn kò lọ sọ́jà mọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àga wọn sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù, wọ́n á jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Tí òjò bá rọ̀ tí kò sí iná, aṣọ ìbora ti máa ń wà lórí rẹ̀ kí n tó dé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e débẹ̀.

Ní ọdún 2014 ni mo ra ṣọ́ọ̀kì. Mo máa ń dúró kí Màmá lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá wá jókòó sídìí dùùrù. Mo kọ dò, rè, mì sí ibi tí Bàbá kọ wọ́n sí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí dò kó lọ. Kò jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ló lọ, sórí rè. Ohun tó kù ni pé eyín méjì, fà àti dò àtijọ́, á fi àyè sílẹ̀, dúdú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á sì gba ipò wọn. Àlejò méjì péré. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ òsì nìkan. Ìka kékeré kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kó lè rí bíi ti Bàbá, orin náà sì gòkè. Mo tún ká a, ó tún gòkè.

Ká ní mo sọ pé n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti ṣe ohun tí mo padà ṣe lẹ́yìn ikú wọn, ǹ bá sọ pé ẹ jẹ́ ká jọ wá a, Bàbá. À bá rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá Efosa gbọ́ ọ. Ó dúró sí ẹ̀yìn odi pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Na you finish am?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Màmá. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó ní òun kò ní í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ara Màmá kò le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n tẹ̀ báyìí. Bí Màmá bá sì gbọ́ ọ, wọ́n máa bi mí bí mo ṣe rí i, wọn kò ní í fi mí sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo dáhùn. Màá ní láti sọ fún wọn pé kì í ṣe ìka Bàbá ló dá orin yẹn dúró.

Ní ọjọ́ Sunday tó kọjá, Màmá gbé àga wọn sún mọ́ dùùrù, wọ́n ní kí n tẹ orin àwọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dé ibẹ̀. Mo dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí yẹn, ìka mi ti wà lórí àwọn dúdú náà. Màmá gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Màmá ní, "Ibẹ̀ náà ni Bàbá Fọlá máa ń dé. Ìka rẹ jọ tiwọn." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi títí wọ́n fi rí i, wọ́n rọra fọwọ́ pa á. "Má jẹ́ kó dùn ọ́. Mò ń dúró."

Mo ní ẹ ṣé, Màmá. Mo pa ìdérí dé. Ìyókù ti kúrò lọ́rùn Bàbá, ọrùn mi ló wà.